Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òsì Káfíńtà

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ pa òwe sùúrù fún mi. Mo ti gbọ́ gbogbo wọn tán. Mo ti lé lọ́gọ́rin ọdún, kò sì sí ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe láyé tó ìbínú, àfi aṣọ fífọ̀. Ọmọ ọmọ mi ló ní kí n kọ bí òun àti ọkọ òun ṣe fẹ́ra wọn, pé èmi ni mo mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ti fẹ́ bàjẹ́. Òótọ́ ló sọ. Èmi gan-an ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́.

Alágbàfọ̀ ni mí. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, ọkùnrin ni. Iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe, Káfíńtà náà sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, títí kan èmi ìyá rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kú, ó fi ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rin sílẹ̀, mo sì tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tó di tíṣà, Tíṣà la wá ń pè é nílé, àfi bí ẹni pé a ò sọ ọ́ lórúkọ rí. Àwa mẹ́ta la jọ ń gbé. Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà wà níwájú, yàrá wa wà lẹ́yìn, okùn tí mo ń sá aṣọ sí sì la àárín kọjá, débi pé ìyẹ̀fun pákó máa ń bà sára aṣọ àwọn oníbàárà mi, a sì máa ń jà sí i lójoojúmọ́.

Ohun kan wà nínú ilé wa tí àlejò kì í tètè fura sí. Nínú gbogbo fọ́tò Káfíńtà tó wà lára ògiri, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún nìkan lẹ máa rí. Àpá iná wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ojú, ó sọ̀kalẹ̀ dé àgbọ̀n, ó sì ṣe ṣóńṣó bí imú áyọ́ọ̀nù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tó débẹ̀. "Ó ń sáré kiri inú ilé, ó sì ṣubú lé áyọ́ọ̀nù eléèédú mi." Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún aráyé nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó bi mí lẹ́ẹ̀kejì.

Ó wá di ọdún kan, iléèwé ní kí Tíṣà máa kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ sí ilé àwòrán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù, ní Sátidé Sátidé, kí wọ́n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò ojú èèyàn. Kì í ṣe fọ́tò kéèyàn dúró gbagidi kó máa yín eyín. Èyí tó jẹ́ pé bí o bá wò ó, wàá mọ irú ẹni tó jókòó síwájú rẹ.

Sátidé àkọ́kọ́, Tíṣà dé, ó ju báàgì rẹ̀ sílẹ̀ gbàà.

"Màmá, ọkùnrin kan fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí lójú àwọn ọmọ mi!"

"Ta ni?"

"Onífọ́tò tó ń kọ́ wọn. Ó ní òfin méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹni tí kò bá tíì jókòó kí wọ́n ya òun náà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kámẹ́rà. Ìkejì, ẹni tí wọ́n bá yà ní láti rí fọ́tò rẹ̀, kó sì fọwọ́ síwèé pé òun gbà, kí wọ́n tó gbé e kọ́ ara ògiri. Ló bá ní kí tíṣà kọ́kọ́ jókòó. Mo ní ọmọ ni mo kó wá, mi ò wá ya fọ́tò. Ó bá yíjú sí àwọn ọmọ, ó ní, 'Ẹ ò rí nǹkan! Tíṣà yín tí ẹ̀ ń sá fún, àga ló ń bà á lẹ́rù.'"

"Ṣé o jókòó?"

"Mo jókòó! Kí ni mi ò bá ṣe? Àga ọ̀hún tún ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀. Kò sì tètè tẹ kámẹ́rà, Màmá. Ó kàn ń wò mí. Ó ní òun ń dúró kí ìbínú mi rọ̀."

"Ó rọ̀?"

"Kò rọ̀. Ó dúró títí ó sú u, ó sì yà á bẹ́ẹ̀."

Ó rojọ́ ọkùnrin yìí nígbà tó ń jẹun. Ó rò ó nígbà tó ń fọ abọ́. Nígbà tó yá, ó tún ń bi mí bóyá ó yẹ kí irun orí àgbàlagbà máa rí wúruwùru bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò ká ni lára, a kì í wo irun orí rẹ̀.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, mò ń lọ aṣọ lójú fèrèsé nígbà tí ọkùnrin gíga kan yọ lẹ́nu ọ̀nà, orí wúruwùru, ó mú agbòjò kékeré kan lọ́wọ́ tí wọ́n ya ológbò sí lára.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iléèwé ló gbàgbé agbòjò yìí. Mo ní kí n gbé e wá fún tíṣà rẹ̀."

"Ìgbà wo ni wọ́n tún ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín?"

"Ọ̀tunla ni, Màmá."

"Ṣé òjò ń rọ̀ ni?"

Ó gbójú sókè. Oòrùn ń ta bí ata. "Kò rọ̀, Màmá."

"O wá gbé agbòjò ológbò la ìgboro já nínú oòrùn, nígbà tí ọ̀tunla ò jìnnà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Mo ti ro irọ́ tó dáa ju èyí lọ kúrò nílé. Mo gbàgbé ẹ̀ lọ́nà ni."

"Kí lò ń wá lọ́dọ̀ ọmọ mi?"

"Mo fẹ́ kó tún bínú sí mi, Màmá. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò bínú sí mi mọ́, ẹ̀rù sì ti ń bà mí."

Mo ní kó wọlé kó jókòó.

Bí mo ṣe di alárinà lọ́jọ́ ogbó mi nìyẹn. Onífọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í kó ṣẹ́ẹ̀tì wá fún mi fọ̀, ṣẹ́ẹ̀tì tí kò dọ̀tí, lẹ́tà á sì wà nínú àpò rẹ̀. Màá fún Tíṣà, òun náà á sì ki èsì bọ inú àpò náà lẹ́yìn tí mo bá lọ̀ ọ́ tán. Ẹni tó bá ń fọṣọ fún èèyàn púpọ̀ ní láti sàmì sí aṣọ kí wọ́n má baà pàrọ̀ mọ́ra. Inú kọ́là ni mo máa ń fi bírò sàmì sí. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Igi kan ṣoṣo, ìyẹn ìlà òòró kan, ni mo fà fún Onífọ́tò. Ti ilé wa jẹ́ òbìrí kan tí igi méjì dábùú ara wọn nínú rẹ̀, ó sì wà nínú kọ́là gbogbo aṣọ tí Tíṣà ń wọ̀ láti kékeré.

Lọ́jọ́ kan, Onífọ́tò yí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ síta, ó wo igi kan tó dá dúró síbẹ̀. Ó ní, "Màmá, ìgbà wo lẹ máa fi àmì ilé yín sí tèmi?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Mo ní, "Ìgbà tí bàbá rẹ̀ bá gbà."

Káfíńtà sì nìyẹn! Ẹni tó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ọmọ òun ò ní fẹ́ ẹni tí kò bá lè fi ọwọ́ méjèèjì gbé iṣẹ́ rẹ̀ sókè kéèyàn rí i. Tíṣà ní kí a jẹ́ kó kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà lẹ́nu iṣẹ́. Ó mọ ohun tó lè gbé bàbá rẹ̀ dé ilé àwòrán.

"Bàbá, àga kan wà níbi tí mò ń kó àwọn ọmọ lọ. Ó ń mì."

"Ta ló kàn án?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

"Ẹsẹ̀ iwájú ni àbí tẹ̀yìn?"

"Tẹ̀yìn."

"Tẹ̀yìn! Wọ́n sì ń gbé ọmọ ọlọ́mọ lé e lórí?" Lọ́jọ́ Sátidé, ó ti mú òòlù, ó wà lẹ́nu ọ̀nà kí Tíṣà tó wọ bàtà.

Tíṣà ló ròyìn ìyókù fún mi. Káfíńtà kan àga náà, ó sì jókòó lé e kó lè dán an wò. Ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì náà tí wọ́n ń pè ní Béèrè-béèrè. Ó ní, "Bàbá, ṣé mo lè yà yín?" Onífọ́tò ti yà á, ó ti ní ẹ̀tọ́ sí kámẹ́rà. Káfíńtà ní kó bọ́ sí apá ọ̀tún òun. Ọmọ náà bọ́ síbẹ̀. Ó wá ní, "Bàbá, ṣé ẹni tó ṣe àga yìí mọ iṣẹ́ ṣáá?"

Ibi tó ti bà á nìyẹn. Káfíńtà yí ara padà wìì kó lè nàka sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ojú rẹ̀ le koko. "Ṣé iṣẹ́ nìyí? Ìwọ wo ìsopọ̀ yìí!" Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀. Ọmọ náà sì tẹ kámẹ́rà. Káfíńtà ò tiẹ̀ mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Béèrè-béèrè yà sílé wa nígbà tó ń ti iléèwé bọ̀, ó mú fọ́tò àti ìwé dání. Káfíńtà ti lọ ra pákó. Mo gba fọ́tò náà.

Ọdún méjìlélógójì ni mo ti fi mọ bí a ṣe ń wo ọmọ mi láì wo ibẹ̀ yẹn. Mo lè bá a jẹun, kí n bá a jà, kí n ki oògùn bọ̀ ọ́ lẹ́nu nígbà àìsàn, ojú mi ò ní débẹ̀. Fọ́tò yìí ò fún mi láyè. Àpá náà ló kọ́kọ́ wò mí.

"Màmá, ṣé ó dáa? Ẹni tó jókòó ló yẹ kó fọwọ́ sí i."

Ó yẹ kí n ní kó padà wá. Ṣùgbọ́n bó bá padà wá, Káfíńtà á gbé fọ́tò náà dání, á wò ó, lẹ́yìn náà á wá gbójú sókè wò mí. Mi ò lè dúró de ìyẹn. Mo mú bírò tí mo fi ń sàmì sí aṣọ, mo fa òbìrí, mo fa igi méjì dábùú ara wọn nínú rẹ̀. Mo ní, "Àmì ilé wa nìyẹn. Ó ti gbà. Máa lọ."

Mo rò pé fọ́tò kékeré bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa gbé kọ́ kọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni ò ní rí. Ta ló mọ̀ pé wọ́n máa ń sọ fọ́tò di ńlá?

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ìpàtẹ àwọn ọmọ náà ni Onífọ́tò fẹ́ bá Káfíńtà sọ̀rọ̀ Tíṣà. Ó ti gé irun. A wọlé, àwọn òbí kún ibẹ̀. Ọmọ mi nìyẹn lára ògiri ọ̀kánkán, ó ga tó ilẹ̀kùn, àpá rẹ̀ gùn tó apá mi.

Káfíńtà fọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó wá bú jáde.

"Ta ló gbé mi kọ́ síbí?"

Onífọ́tò wá síwájú. "Èmi ni mò ń darí ẹ̀kọ́ náà, Bàbá. Ọwọ́ mi ló ti wá."

"Ṣé mo fọwọ́ síwèé? Ọmọ mi ní òfin wà níbí. Ṣé mo fọwọ́ sí i?"

Onífọ́tò lanu. Ojú rẹ̀ kọjá lórí èjìká Káfíńtà, ó bá tèmi pàdé. Mo wo ilẹ̀.

Ó ní, "Rárá, Bàbá. Ẹ ò fọwọ́ sí i."

"Ìwọ sì ni ọmọ mi ní ó fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ lónìí?"

"Èmi ni, sà."

"O ti sọ ọ́, mo ti gbọ́. Bí o bá tún gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá, òòlù ni màá fi kí ọ káàbọ̀!"

Onífọ́tò gbé fọ́tò náà sọ̀kalẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ó fi aṣọ funfun bò ó. Ìṣó nìkan ló kù lára ògiri. Tíṣà lọ bá a, mo sì gbọ́ wọn.

"O kọ́ àwọn ọmọ mi ní òfin tí ìwọ fúnra rẹ ò lè pa mọ́?"

"Mi ò lè ṣàlàyé."

"O ò lè ṣàlàyé, àbí o ò ní àlàyé?"

Tíṣà fi í sílẹ̀ síbẹ̀, èmi sì tẹ̀ lé ọmọ mi lọ sílé bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Oṣù márùn-ún. Mo fọ aṣọ oṣù márùn-ún láìsí lẹ́tà kankan nínú àpò. Tíṣà ò sunkún lójú wa, ṣùgbọ́n mo mọ aṣọ ìrọ̀rí tó gbomi ekún, èmi ni mò ń fọ̀ ọ́. Ó máa ń bi mí pé, "Màmá, báwo ni mo ṣe ṣi èèyàn mọ̀ tó báyìí?" Màá ní kó jẹun. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ló wá ń sọ ọ́ bí ẹni tí kò kàn, pé Onífọ́tò ti gbaṣẹ́ sí ìlú kan tó jìn tó ìrìn ọjọ́ méjì, pé tó bá di ìparí oṣù, ó ń lọ. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo lọ bá Onífọ́tò. Àwọn ọmọ iléèwé mìíràn ló ń kọ́.

"Kí ló dé tí o ò fi ìwé yẹn hàn án?"

Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú un jáde, ó dín ohùn kù. "Màmá, àmì yìí wà nínú kọ́là gbogbo aṣọ rẹ̀. Bó bá fojú kàn án báyìí, ó ti mọ ẹni tó ṣe é. Ṣé àṣírí yín ni kí n tú kí n tó lè di ọmọ ilé yín?"

"Ta ló ní kí o máa ṣíji bò mí? Ta ló bẹ̀ ọ́? Òmùgọ̀! Oṣù márùn-ún! Ọmọ mi ń gbẹ nílé bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn, o jókòó síbí, o ń bọ̀wọ̀ fún àgbà!"

"Màmá, ẹ rọra bínú. Àwọn ọmọ ń wò wá."

Mo já ìwé náà gbà. Ìbínú ló gbé ẹsẹ̀ mi dé ilé, ìbínú sí i, ìbínú sí ara mi. Tíṣà ń ka ìwé àwọn ọmọ, Káfíńtà ń rẹ́ pákó.

"Ẹ dìde, ẹ̀yin méjèèjì. À ń lọ sí ilé àwòrán."

"Màmá, mo níṣẹ́ lọ́wọ́," Káfíńtà ní, kò gbórí sókè.

"Mo ní o dìde!"

Ó dìde. Ọkùnrin ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, tó ní irun funfun lágbárí. Bó sì ṣe ń dìde, ọwọ́ rẹ̀ ti lọ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Bí ẹni tó gún mi lọ́bẹ ló rí. Ohùn tí mo fi pè é ní ọdún méjìlélógójì sẹ́yìn nìyẹn.

Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn ilé àwòrán tí wọ́n ń kó fọ́tò sí. Mo ní kí Onífọ́tò ṣí aṣọ kúrò lórí ti Káfíńtà. Mo tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì. Tíṣà wò ó, ó fọwọ́ kan kọ́là ara rẹ̀.

"Màmá?"

"Èmi ni. Káfíńtà ò rí i, èmi ni mo fọwọ́ sí i. Ọkùnrin yìí mọ̀ láti ọjọ́ náà, ó gba èébú bàbá rẹ àti tìrẹ mọ́ra, kò dárúkọ mi." Mo yíjú sí ọmọ mi. "Bó bá sì jẹ́ ti àpá yẹn, o ò sáré kankan. O ò ṣubú. O fẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ tẹ aṣọ funfun oníbàárà mọ́lẹ̀, mo sì tì ọ́. Áyọ́ọ̀nù wà nílẹ̀. Mo rí i kí n tó tì ọ́."

Káfíńtà ń wo fọ́tò ara rẹ̀.

Ó ní, "Màmá, mo mọ̀."

"Kí lo mọ̀?"

"Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn, n kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Mo wà níbẹ̀!" Ohùn rẹ̀ wá ròkè. "Ṣé ẹ rò pé ojú àpá ló ń tì mí? Ta ló ń wá ẹwà lójú káfíńtà? Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á béèrè. Bí wọ́n bá béèrè, kí n purọ́ ni tàbí kí n dárúkọ yín? Irọ́ yẹn ti sú mi láti kékeré, ni mo ṣe ń yí ọrùn. Ẹ̀yin ni mò ń bò, Màmá! Ẹ wá dúró síbí, ẹ ń wò mí tí mò ń fi òòlù dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ!"

"Má dárí jì mí," mo wí.

"Ti àpá yìí, mo ti dárí ẹ̀ jì yín kí n tó hu irùngbọ̀n. Ti oṣù márùn-ún yìí, inú ń bí mi sí yín. Inú ń bí mi gan-an ni."

"Ó yẹ kó bí ọ."

"Ó sì máa pẹ́!"

"Jẹ́ kó pẹ́."

Tíṣà ti kọjú sí Onífọ́tò. "O jẹ́ kí n máa sunkún fún oṣù márùn-ún, nítorí pé o fẹ́ jẹ́ ọmọlúàbí?" Ó fi báàgì gbá a léjìká. "Ṣé o ò lè wí? Ṣé o ò lè ṣẹ́jú?" Ó tún gbá a.

Onífọ́tò dúró síbẹ̀, omi lé ròrò sí i lójú, ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ó ti ń bínú sí mi. Màmá, ẹ ṣeun."

Káfíńtà wò wọ́n. Ó lọ sí ìdí àga ọjọ́sí tó wà ní kọ̀rọ̀, ó fọwọ́ tì í síwá sẹ́yìn. Kò mì. Ó yọ pẹ́ńsùlù tó wà létí rẹ̀, ó fọwọ́ sí ìwé náà lábẹ́ àmì tèmi.

"Ẹni tó lè ru ẹrù ẹlẹ́rù fún oṣù márùn-ún, á lè ru tirẹ̀," ó wí. "Gbé mi padà sórí ìṣó mi. Ìlú ọ̀nà jíjìn yẹn ńkọ́?"

"Màá kọ̀wé sí wọn lónìí, Bàbá."

"Kọ ọ́ báyìí."

Ìgbà tó fi di ọjọ́ ìgbéyàwó, Káfíńtà ti ń bá mi sọ̀rọ̀ gbólóhùn méjì-méjì. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo lọ ṣẹ́ẹ̀tì Onífọ́tò, mo wá igi kan rí nínú kọ́là rẹ̀, mo fa èkejì dábùú u, mo sì fa òbìrí yí wọn ká.

Béèrè-béèrè la ní kó yà wá. Gbogbo wa tò, a sì ń dúró kí Káfíńtà bọ́ sí apá tó máa ń bọ́ sí. Kò bọ́ síbẹ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó kọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì sí kámẹ́rà. Àǹtí ọkọ ìyàwó, obìnrin tí kò mọ̀ wá rí, wò ó láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ o, kí ló ṣe yín lójú?"

Káfíńtà ò yí ọrùn. "Ìyá mi nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ bi í."

Fọ́tò náà wà lára ògiri wa báyìí. Tíṣà ń wo ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ń wo Tíṣà, gbogbo àlejò ló ń rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni ẹnu mi là sílẹ̀. Mò ń dáhùn ni.